Ilé àgbẹ̀dẹ ẹ̀yìnkùlé láti inú irin àlòkù: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Abẹ́òkúta

Ohun méjì ló ń sọ ibi kan di ilé àgbẹ̀dẹ: irin wíwúwo tó dúró gbọn-in lábẹ́ òòlù, àti afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ ẹni ká. Àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ wa mọ èyí tipẹ́. Ojú owú wọn, irin tí wọ́n ń lu iṣẹ́ lé, kì í fẹ̀, ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síná kò ju igi àti awọ ewúrẹ́ lọ, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọkọ́, àdá, àáké àti ọ̀bẹ ti ń jáde. Nítorí náà a kò wá owú òkè òkun onímú gígùn tí a máa ń rí nínú fídíò. Ohun tí a wá ni ìwúwo àti afẹ́fẹ́, a sì wá wọn láàárín irin tí àwọn mẹkáníìkì ti pa tì.

Kíkó ẹrù

Ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù bá pọ̀ sí ni irin gidi máa ń wà. Ní Abẹ́òkúta, ẹ kọ́kọ́ wo apá Láfẹ́nwá, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù ládùúgbò. Kílò ni wọ́n fi ń tà á. Ohun tí a kó kò pọ̀: dúrọ́ọ̀mù bíréèkì Bẹ́ǹsì 911 kan, píìnì ọwọ́ katapílà méjì (èyí tó nípọn 90 mm àti èyí tó nípọn 50 mm), ewé sípírìn mẹ́ta tó ti kán, sípírìn ọkọ̀ kékeré tó ká bí ejò, rọ́ọ̀dù ìkọ́lé 16 mm tó gùn tó mítà 4, páìpù irin dúdú tó fẹ̀ tó 50 mm, àti bulówà ésì (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́) láti inú ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀.

Ẹ mú òòfà kékeré kan, fáìlì kan àti ọmọ béárìn kan lọ sí ọjà irin. Òòfà á sọ fún yín bóyá irin ni. Fáìlì á sọ bó ṣe le sí: bí ó bá jẹ ẹ́ wọlé wẹ́rẹ́, irin rírọ̀ ni, bí ó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni fi fáìlì ra dígí, ojú rẹ̀ le gan-an. Iṣẹ́ ọmọ béárìn ń bọ̀ níwájú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí a sọ síta. Ojú irin àtijọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, èyí tó parí lọ́dún 1901, gba Abẹ́òkúta kọjá, ti ìgbàlódé tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 náà sì gba ibẹ̀. Ẹni tó bá ń wá owú á gbọ́ pé irin rélùwéè dára. Òótọ́ ni, ó dára. Ṣùgbọ́n irin ìjọba ni, àwọn tó ń hú u tà ń fi ẹ̀mí èrò sínú ewu, ẹni tó rà á lọ́wọ́ wọn sì ti bá wọn pín nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní ìwé, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Píìnì katapílà ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kódà ó tún dára jù ú lọ, a ó sọ ìdí.

Dúrọ́ọ̀mù bíréèkì kò gbọdọ̀ wọlé láìfọ̀. Eruku bíréèkì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹni tó mọ̀. Ẹ má fi bùrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ má sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Omi àti ọṣẹ ni, kí ó máa tutù títí ẹ ó fi parí, kí ẹ sì bo imú.

Àyè

Àtíbàbà olópòó mẹ́rin, páànù lókè, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ṣí sílẹ̀. Ó fẹ̀ tó mítà 3 sí 4. Iná èédú ń tú gáàsì carbon monoxide jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pani, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè gbé iṣẹ́ yìí wọ yàrá tàbí gáráàjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni a jẹ́ kó wà nísàlẹ̀. A kò fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́, torí irin gbígbóná tó bá já bọ́ lórí sìmẹ́ńtì ń mú kí ó ta pàrà sí ojú. Sílíńdà gáàsì, jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ ro koríko yíká dáadáa.

Ojú iná

Dúrọ́ọ̀mù tí a lò fẹ̀ tó 38 cm nínú, ó jìn tó 16 cm. Èyí ti pọ̀ jù fún ọ̀bẹ àti àdá. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nìyẹn: wọ́n á da èédú kún gbogbo rẹ̀, èédú á jó káàkiri, ooru kò ní kójọ síbì kan, irin á sì máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú lásán. Amọ̀ ni a fi dín in kù títí ó fi ku ihò tó rí bí abọ́, tó fẹ̀ tó 20 cm lókè, tó fẹ̀ tó 10 cm nísàlẹ̀, tó sì jìn tó 12 cm.

Amọ̀ yẹn ló gba ọgbọ́n jù. Ẹ má ṣe lo sìmẹ́ńtì; omi tó so mọ́ ara rẹ̀ ń jáde nínú iná, á sán, á sì máa ta. Ẹ má sì fi òkúta ìlú wa tẹ́ ojú iná, bó ti wù kó pọ̀ tó: òkúta líle tí ooru bá mú lójijì máa ń bẹ́. Àpòpọ̀ wa ni ìwọ̀n korobá: ilẹ̀ ògán 3, yanrìn odò tí a ti fọ̀ tí a sì sẹ́ 2, àpáàdì tí a gún kúná 1. Ilẹ̀ ògán ń di ara mú. Yanrìn kò jẹ́ kó sún kì púpọ̀ bí ó bá ń gbẹ. Àpáàdì ti jóná rí, kò tún ní sún kì mọ́, òun ni egungun inú àpòpọ̀ náà. Omi kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ẹ bù ú, ẹ ká a róbótó, ẹ jù ú sílẹ̀ láti ìbàdí: bí ó bá tẹ́ pẹlẹbẹ, omi ti pọ̀, bí ó bá fọ́ yángá, omi kò tó, bí ó bá rọra fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì dúró, ó tọ́.

Kí amọ̀ tó wọlé, a gé irin pẹlẹbẹ 6 mm dí ihò ńlá ààrin dúrọ́ọ̀mù náà, a lu ihò kéékèèké 9 sí àárín rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan 10 mm. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn náà a fi igi tẹ amọ̀ mọ́lẹ̀ ní ìpele-ìpele, kò sí ibi tó fẹ́lẹ́ ju 5 cm lọ. Ọjọ́ 10 ló fi gbẹ lábẹ́ òjìji. Lẹ́yìn èyí, igi wẹ́wẹ́ ni a fi yá a fún wákàtí kan, lọ́jọ́ kejì wákàtí 2, lọ́jọ́ kẹta ni èédú tó wọ ọ́. Ẹni tó bá fi iná ńlá kọ lu amọ̀ tútù á rí i tí omi inú rẹ̀ di ooru, tí ó sì fọ́ ọ kúrò lára dúrọ́ọ̀mù. Lásìkò òjò, ẹ fi ọjọ́ 5 kún un. Bí ó bá là fíntínfíntín bí irun orí, kò sí wàhálà, ẹ po amọ̀ ṣàn kí ẹ fi kùn ún.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta láti ara páìpù àga àlòkù ló gbé e dúró. Etí rẹ̀ ga tó ìbàdí.

Afẹ́fẹ́

Nísàlẹ̀ irin oníhò yẹn, ajórinmọ́rin bá wa jó páìpù dúdú náà mọ́ ọn ní ìrísí T: ẹ̀ka kan sọ̀ kalẹ̀ tààrà fún eérú, èkejì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún afẹ́fẹ́, ó gùn tó 80 cm kí ooru má bàa dé ọ̀dọ̀ bulówà. Páìpù omi funfun tí wọ́n fi síǹkì bò kò wúlò níbí. Síǹkì ń di èéfín nínú iná, ẹni tó bá fà á símú á gbọ̀n lálẹ́ bí ẹni tí ibà mú. Bákan náà ni bóòtù, nọ́ọ̀tì àti àwo páànù tó ń dán: ẹ má kó wọn sínú iná.

Bulówà ésì ọkọ̀ ń lo vólítì 12. Nítorí iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀, bátìrì ọkọ̀ 60 Ah ni a so mọ́ ọn. Bí ẹ bá lo ìwọ̀n tó kéré jù, tí ó ń fa bíi ámpù 4, ìdajì bátìrì á gbé e tó wákàtí 7. Ẹ fi fíúsì 20 A sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Síbẹ̀, bí ó ti wù kí bulówà náà rọra yí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù fún èédú. Èédú igi kò dà bí èédú ilẹ̀ ti Ẹnúgu tó nílò afẹ́fẹ́ líle. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ ń fọ́n ọn káàkiri, ó ń jó o tán kíá, ó sì ń mú kí irin yọ èépá. A gé agolo mílíìkì pẹlẹbẹ, a fi bóòtù kan dè é sí ẹnu bulówà kí ó lè máa yí bí ilẹ̀kùn. Ìka ọwọ́ kan ni a fi ń ṣí i, a fi ń tì í. Ohun kékeré yìí ló mú kí iná náà gbọ́ràn.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹwìrì, kí ó lo ẹwìrì. Kò ní pariwo, kò ní bátìrì, iná rẹ̀ sì ń sinmi nígbà tí ọwọ́ bá sinmi. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó nílò ẹnìkejì tí yóò máa finná.

Isàlẹ̀ ẹ̀ka eérú ní ìdérí kan tó ń padà dé fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀tì wíwúwo kan ló so mọ́ ìrù rẹ̀ tó ń fà á padà. Eérú nìkan kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí bulówà bá kú lójijì, gáàsì èédú lè padà sínú páìpù. Bí ẹ bá tún tan bulówà, ó lè gbá gbòà. Bí afẹ́fẹ́ bá dúró, ẹ ṣí ìdérí náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má tì í títí afẹ́fẹ́ yóò fi tún máa wọlé.

Èédú igi ayìn ni a fẹ́ jù: ó wúwo, ó ń pẹ́, kì í ta púpọ̀. Ẹ fọ́ ọ títí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi tó ẹyin àdìẹ tàbí kéré sí i. Tí ó bá tóbi, afẹ́fẹ́ á gba àárín rẹ̀ kọjá láìjóná tán, á lọ bá irin. Ìdí kan náà ni a fi ń fẹ́ kí èédú tó ga tó 10 cm wà láàárín ihò afẹ́fẹ́ àti irin: níbẹ̀ ni èédú ti ń lo afẹ́fẹ́ tán. Irin tó bá sún mọ́ ihò á bo èépá, á sì ṣòfò. Ẹ wọ́n omi sí etí iná kí ó má ràn káàkiri. Bíi 3 kg ló ń lọ ní wákàtí kan.

Owú

Ewé sípírìn tí wọ́n to léra wọn tí wọ́n jó pọ̀ kò ṣe é lò: ewé kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n lọ́tọ̀, agbára òòlù á tán sáàárín wọn. Bọ́lọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì jẹ́ irin dídà, etí rẹ̀ á fọ́, èèrún rẹ̀ á sì fò sójú.

Ohun tí irin gbígbóná ń wá ni ìwúwo tó wà ní ìsàlẹ̀ òòlù gan-an. Ibi tí píìnì fi ju irin rélùwéè tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lọ nìyẹn: ti rélùwéè ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ orí rẹ̀, ó ń lọ sókè sódò bí pákó afárá. Píìnì wa gùn tó 70 cm. Ìdajì 90 mm jẹ́ 4.5 cm, 4.5 × 4.5 × 3.14 × 70 jẹ́ 4,451 cm³. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó gíráàmù 7.85, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi 35 kg. Nígbà tí a gbé e nàró, gbogbo 35 kg yẹn ló wà lábẹ́ òòlù. Bẹ́ẹ̀ ni owú àtijọ́ ṣe rí.

Ìtì igi apá tó nípọn tó 45 cm, tó gùn tó 81 cm, ni a rì mọ́lẹ̀ tó 50 cm, a sì fi òkúta wẹ́wẹ́ kì í yíká. A fi ọ́ìlì àlòkù kun apá tó wọlẹ̀ nítorí ikán. Irin pupa àti sísẹ́ẹ̀lì ni a fi gbẹ́ ihò sí orí rẹ̀, ó jìn tó 26 cm. Ẹ má gbàgbé ohun tó wà nísàlẹ̀ ihò náà: irin pẹlẹbẹ róbótó tó nípọn tó 10 mm. Láìsí i, bí òòlù ṣe ń bọ̀ ni píìnì á máa wọ inú igi lọ, gíga owú á máa dínkù. Píìnì wọlé tó 25 cm, ó ku 45 cm síta, ojú owú wá ga tó 76 cm sílẹ̀. Ìwọ̀n gíga yìí kò bá gbogbo ènìyàn mu. Ẹ dúró, ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀: ibi tí eegun ẹ̀ṣẹ́ bá dé ni kí ojú owú wà. Tó bá ga jù, èjìká á máa dun yín. Tó bá kéré, ẹ̀yìn ni.

Fáìlìn mọṣíìnì ni a fi tẹ́jú ẹnu rẹ̀. A yí etí kan kọ tó 3 mm, etí òdìkejì tó 1 mm péré fún ibi tí a bá ti fẹ́ kí irin yà ṣánṣán. Ẹ jù ọmọ béárìn sí i láti 25 cm. Bí ó bá fò padà tó 17 cm, owú gidi ni. Tiwa fò tó 14 cm, ìdí rẹ̀ sì hàn: ẹ̀gbẹ́ píìnì katapílà nìkan ni wọ́n mú le, àárín rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó tó fún irin gbígbóná. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lu irin tútù lórí rẹ̀, ẹ má sì fi òòlù lu ojú rẹ̀ lásán, á ní ẹgbò, ẹgbò náà á sì hàn lára gbogbo iṣẹ́.

Píìnì 50 mm wà ní ìdùbúlẹ̀ lára ìtì kejì, ó yọ síta tó 20 cm. Lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó le ni a ti ń tẹ irin kọdọrọ.

Òòlù àti ẹmú

Òòlù mẹkáníìkì 1 kg tó. Ojú rẹ̀ máa ń ní etí mímú láti ọjà, àmì oṣùpá ni yóò máa fi sára irin. Ẹ fi fáìlì yí etí náà kọ títí kò fi ní gé yín lọ́wọ́. Igi gúáfà gbígbẹ ni èèkù rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ẹmú, báwo ni yóò ṣe rọ ẹmú? Rọ́ọ̀dù gígùn ni: ẹ gé 16 mm sí 60 cm méjì, ẹ máa di orí tútù mú. Ẹ mú orí kejì gbóná títí yóò fi pọ́n bí ìyeyè. Ẹ gbé 4 cm sí orí owú, kí ìyókù yọ kọjá etí mímú, ẹ lù ú títí yóò fi ku 10 mm ní nínípọn: ẹnu nìyẹn. Ẹ yí i sí òsì ní ìdá mẹ́rin àyíká, ẹ tì í síwájú 3 cm, ẹ lu ibi tí ihò yóò wà. Ẹ tún yí i sí òsì, ẹ fa apá rẹ̀ gùn. Ẹ ṣe èkejì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, sí òsì náà. Ibí ni iṣẹ́ ń bàjẹ́ sí jù: ènìyàn á rò pé bí apá ọ̀tún àti apá òsì ni wọ́n, á yí èkejì sí ọ̀tún, wọn kò sì ní pa ẹnu dé láéláé. Ìbejì ni wọ́n, wọ́n jọra pátápátá.

Ẹ lu ihò 10 mm sí i nígbà tí ó pupa, ẹ fi bóòtù dúdú kàn án pọ̀, ẹ mú gbogbo rẹ̀ gbóná, kí ẹ máa ṣí i kí ẹ máa pa á dé títí pupa yóò fi lọ. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Rọ́ọ̀dù ìkọ́lé kò dọ́gba: òmíràn ní kábọ́ọ̀nù (ohun tó ń jẹ́ kí irin le) tó pọ̀, tí ẹ bá tì í bọ omi, á dá sí méjì lọ́wọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Mímọ irin, àti mímú un le

Ẹ fi fáìlìn mọṣíìnì kàn án, kí ẹ wo iná tó ń ta. Irin rírọ̀ ń ta gígùn, kò fi bẹ́ẹ̀ yọ ẹ̀ka. Sípírìn àti fáìlì ń ta kúkúrú, ó ń tú ká bí òdòdó, ó mọ́lẹ̀. Irin dídà ń ta pupa dúdú, kò jìnnà. Èyí kò ṣe é rọ, á fọ́ bí àkàrà. Bí iyèméjì bá kù, ẹ rọ ìmú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ mú un pupa títí òòfà kò fi ní gbé e mọ́, ẹ tì í bọ omi, ẹ fi òòlù kàn án. Èyí tó dá ló ṣe é fi ṣe ọ̀bẹ. Èyí tó tẹ̀, ẹ fi ṣe ìkọ́ àti ẹmú.

Ṣọ́kì àbùsóbà kì í wọ iná, tàbí páìpù kankan tó dí ní orí méjèèjì: á bẹ́ bí ìbọn.

Ewé sípírìn kì í fẹ́ kí a rọ ọ́ nígbà tí pupa rẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó ń là sínú, ẹ kò sì ní rí i títí dìgbà tí ẹ bá mú un le. Bí ó bá sì ń ta iná funfun wẹ́wẹ́ bí ó ti ń jáde, ó ti jóná, ẹ gé ibẹ̀ dànù. Tí ọ̀bẹ bá ti parí, ẹ rọra mú un gbóná. Òòfà kì í gbé irin mọ́ tó bá ti dé bíi 770°C. Ẹ fi ooru díẹ̀ kún un, kí ẹ sì tì í bọ epo ẹ̀pà tí ẹ ti yá lọ́wọ́ọ́wọ́, bíi lítà 4 nínú páìpù tí wọ́n jó ìdí rẹ̀ pa. Ẹ má lo omi, á sán. Kí ó wọlé tààrà, ẹ má jù ú sọ́tùn-ún sósì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á wọ́. Ìdérí páìpù náà gbọdọ̀ wà nítòsí, torí epo lè gbiná.

Nígbà yìí, ọ̀bẹ náà le, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sílẹ̀ á fọ́. Láàárín wákàtí kan náà, ẹ fi òkúta ra á kí ó dán, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lé irin nínípọn tó pupa, kí ẹ máa wo àwọ̀ tó ń rìn bọ̀ wá sí ẹnu rẹ̀. Àwọ̀ koríko gbígbẹ, bíi 225°C. Àwọ̀ oyin, 255. Elésè àlùkò, 280. Àwọ̀ aró bí àdìrẹ Ìtòkú, 300. Ọ̀bẹ ìdáná ń dúró ní àwọ̀ oyin. Àdá tí yóò bá kùkùté pàdé gbọdọ̀ dé aró. Bí àwọ̀ tí ẹ fẹ́ bá ti kan ẹnu, ẹ tì í bọ omi, kí ó má bàa kọjá.

Fáìsì, irinṣẹ́ tó ń di irin mú gbọn-in, ló kù tí a kò tíì rí èyí tó dára. Títí di ìgbà náà, bí iṣẹ́ bá parí nírọ̀lẹ́, ẹ bu iyanrìn bo èédú tó kù kí ó lè wúlò lọ́la, ẹ tú bátìrì, kí ẹ sì fi agolo dé ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ àti ti eérú. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré tó fún un láti dí i, ẹ ó sì máa rò pé bulówà ló ti bàjẹ́.